Ìfun Tó Ń Kọ́ Iṣẹ́ Rẹ̀ Padà

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. O ní láti ọ̀sẹ̀ 3 tí wọ́n ti so ìfun rẹ padà, tí o sì ti bọ́ lọ́wọ́ àpò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ikùn rẹ láti máa gba ìgbẹ́, o ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ìgbà 12 lóòjọ́, ó sì ń ṣe ọ́ bíi pé iṣẹ́ abẹ náà kò yọrí sí rere. Jọ̀wọ́, má ṣe gba èrò yẹn láyè, nítorí bí tèmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò là yé mi ni pé apá ìfun tí ìgbẹ́ kò gbà kọjá fún oṣù mélòó kan ti sinmi pẹ́. Iṣan rẹ̀ ti dẹ̀, yóò sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó tún mọ iṣẹ́ fífa omi kúrò nínú ìgbẹ́. Ní ti àwa tí wọ́n gé ìsàlẹ̀ ìfun ńlá wa kúrò nítorí jẹjẹrẹ, ibi tí ìgbẹ́ máa ń kó jọ sí gan-an ni wọ́n mú lọ, èyí tó kù kò sì lè gba nǹkan púpọ̀ dúró. Ìdí nìyí tí o fi ń ṣe díẹ̀, tí o bá dìde, tí o tún ń padà lọ láìpẹ́.

Awọ ìdí ló dà mí láàmú jù. Má fi ìwé nù ún mọ́: fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án, fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi kúrò lára rẹ̀, kí o sì fi ìpara tó ní zinc oxide, èròjà funfun tó ń dáàbò bo awọ, kùn ún kí ó tó bó, má dúró dìgbà tó bá ti bó. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí jẹun díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ dípò àjẹyó, tí mo sì ń lo loperamide, oògùn tó ń dín ìgbẹ́ gbuuru kù, ní ìdajì wákàtí ṣáájú oúnjẹ, gẹ́gẹ́ bí dókítà mi ṣe júwe rẹ̀, ni mo tó rí oorun sùn mọ́jú. Nọ́ọ̀sì kan tún kọ́ mi láti máa fún iṣan ìdí pọ̀, bí ẹni tó ń dá ìsó dúró, kí n kà dé 10 kí n tó dẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n bí inú rẹ bá wú, tí o ń bì, tí o kò sì lè só tàbí yàgbẹ́, tàbí tí ibà bá mú ọ, má dúró de èsì mi. Ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ní oṣù kẹfà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tèmi, iye ìgbà tí mo ń lọ ti dín sí 5 lóòjọ́. Ó lé lọ́dún kan kí n tó lè jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí 2 láìbẹ̀rù. Máa kọ iye ìgbà tí o bá lọ àti ohun tí o jẹ sílẹ̀, kí o sì fi ránṣẹ́ sí mi ní ìparí oṣù. Èmi náà yóò wá ìwé tèmi jáde, kí a jọ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.