Ọmọ Ègùn náà ní èdè abínibí

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025 tí ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ títí dé ìwé kẹfà, ni àwọn òǹkàwé yín ti ń bínú nítorí Yorùbá. Èmi náà ń bínú. Ṣùgbọ́n ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan ní Àgbádárìgì níbí ni mo ti ń dín àkàrà, ohun tí ojú mi sì ń rí níbẹ̀, mi ò rí i nínú lẹ́tà ẹnì kankan.

Ọmọ Ègùn pọ̀ níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Topo. Bí olùkọ́ bá fi Yorùbá tú Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tèmi ti gbọ́. Àwọn ọmọ Ègùn ṣì ń wo olùkọ́ lẹ́nu.

Oníbàárà mi kan wà lára wọn, ìwé kẹta ló wà. Lọ́jọ́ ọjà Agbalata, òun ló ń bá ìyá rẹ̀ ta ẹja. Ẹ ra ẹja ₦650, kí ẹ na ₦1,000 sí i: kí ẹ tó pa pọ́ọ̀sì dé, ṣéńjì ti wà lọ́wọ́ yín. Irú ìṣirò yìí náà ni olùkọ́ bi í lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó fi Ègùn dáhùn. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Jókòó, olódo." Ìdí agbada mi ni mo ti gbọ́ ọ (fèrèsé wọn ò ní gíláàsì). Òwò sì ti jẹ́ kí n gbọ́ Ègùn díẹ̀: ìdáhùn ọmọ yẹn tọ̀nà.

Àwọn òǹkọ̀wé yín fẹ́ràn láti máa dárúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970. Ó dáa. Ṣé ọmọ Ifẹ̀ nìkan ni ìyá bí?

Ti pípẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ tún wà ńbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kì í gbéra àfi tó bá kún, aago mẹ́jọ ni wọ́n sì ń ti géètì. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé ilé ẹ̀kọ́ tó sùn gbàgbé àti ẹni tó ti dúró létí omi láti ìdájí, ibì kan náà ni wọ́n jọ ń kúnlẹ̀ sí, kíláàsì á sì ti ṣe ìṣirò tán kí wọ́n tó ní kí wọ́n dìde. Ọ̀gá wọn ní òfin kì í wojú ẹnikẹ́ni. Kó wo ojú omi nígbà náà.

Ládùúgbò mi ní Ajara, mo mọ àwọn ọmọ Ègùn tó gba NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, tí wọ́n jókòó ti POS lójú títì. Kí SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mú olùkọ́ nínú wọn sí ìwé kìíní dé ìwé kẹta níbi gbogbo tí Ègùn bá pọ̀ sí. Àgbádárìgì yìí náà kọ́ ni wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1843?

Ọjọ́ Ẹtì ni ìpàdé òbí àti olùkọ́ wa. Màá sọ ọ́ níbẹ̀, kódà bí wọ́n bá ní kí ló kan alákàrà.

Ìyá Alákàrà,
Ajara, Àgbádárìgì.