Sí Àbẹ̀kẹ́ mi, lórí ọ̀rọ̀ kúlọ́ọ̀ṣì yẹn

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Voice note tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Lákọ̀ọ́kọ́ mo rẹ́rìn-ín, má bínú, ìgbà kejì ni mo tó gbọ́ pé o ń sunkún nínú ẹ̀. Mọ́tò kú mọ́ ẹ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin ní oríta kan ṣoṣo ní Ṣágámù, onídánfó ń fun fèrè lẹ́yìn, ọlọ́kadà ní kó o lọ máa dáná nílé, bàbá ẹ tó ní òun wá kọ́ ẹ ní mọ́tò wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ ó ń pariwo "tẹná! tẹná!" Ta ló fẹ́ wa mọ́tò dáadáa nínú irú ariwo yẹn? Èmi gan-an ò lè wà á.

Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ torí tí mo bá pè ẹ́, ọ̀rọ̀ ìkọ́kọrẹ́ la máa sọ títí káàdì á fi tán.

Ohun tí bàbá ẹ ò sọ fún ẹ ni ohun tí kúlọ́ọ̀ṣì yẹn, èyí tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀, ń ṣe gan-an. Irin rìbìtì kan wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì tó ń yí ṣáá níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, pléètì kan wà tó ń lẹ̀ mọ́ irin yẹn, pléètì yìí ló ń gbé agbára lọ sí gíábọ́ọ̀sì, ilé tí àwọn jíà wà, kó tó dé táyà. Tó o bá tẹ kúlọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, o ti yà wọ́n nìyẹn, tó o bá gbé ẹsẹ̀, wọ́n tún lẹ̀ mọ́ra. Wàá ti rí kọ́ńdọ́ tó ń fò mọ́ dánfó tó ti ń lọ, ṣé kì í kọ́kọ́ sáré tẹ̀lé e díẹ̀ kó tó di ilẹ̀kùn mú? Tó bá dúró síbì kan tó wá gbá a mú, ó máa ṣubú. Bí pléètì yẹn náà ṣe rí nìyẹn, ó fẹ́ sáré tẹ̀lé irin yẹn díẹ̀, kó máa yọ̀, kó máa yọ̀, títí wọ́n á fi jọ máa yí. Ìwọ wá ń gbé ẹsẹ̀ lójijì, ẹ́ńjìnì ò lè fa odindi mọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà, ló bá kú. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé o ò lọ́pọlọ o, ẹsẹ̀ òsì ẹ ló ń kánjú.

Lọ́jọ́ Sunday, ní àárọ̀ kùtù kí àwọn èèyàn tó máa jáde lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wá ibi tó tẹ́jú tí kò sí èèyàn. Wọ bàtà pẹlẹbẹ, bọ́ ìyẹn tí gìgísẹ̀ ẹ̀ ga yẹn sílẹ̀. Fa àga sún mọ́ iwájú débi pé tó o bá tẹ kúlọ́ọ̀ṣì délẹ̀ pátápátá, orúnkún ẹ á ṣì tẹ̀ díẹ̀. Sítáàtì, tẹ kúlọ́ọ̀ṣì, kó o fi sí jíà wán, kó o má fẹsẹ̀ kan tọ́tù tí wọ́n fi ń tẹná rárá, ṣé o gbọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ kò níṣẹ́ kankan lórí tọ́tù lọ́jọ́ náà. Fi gìgísẹ̀ òsì lélẹ̀, kó o máa gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó o máa fetí sílẹ̀. Wàá gbọ́ ọ tí ohùn ẹ́ńjìnì máa lọ sílẹ̀, iwájú mọ́tò á gbọ̀n díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dìde. Ibẹ̀ gan-an ni. Dá ẹsẹ̀ ẹ dúró níbẹ̀. Mọ́tò á máa yọ́ lọ fúnra ẹ̀ láìsí tọ́tù, ka mẹ́ta kó o tó gbé ìyókù. Tó bá kú, fi sí fíríì, kó má sí jíà kankan tó wọlé, tún sítáàtì ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wò ẹ́. Ṣe é lẹ́ẹ̀ogún, ó kéré tán. Ẹsẹ̀ ló ń kọ́ ọ, orí ò lè bá ẹsẹ̀ kọ́ ọ.

Bàbá mi tó wa bọ́lẹ̀kájà máa ń sọ pé apá òsì la ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò bọ́ sí ọ̀tún. Ó ní ọwọ́ òun ló dàrú, torí ọwọ́ òsì ni òun fi ń yí jíà tẹ́lẹ̀, nígbà tí wọ́n wá gbé sitiárìn sí apá òsì, jíà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ò yí padà, kúlọ́ọ̀ṣì wà lósì níbi tó wà láti ọjọ́ pípẹ́. Ó tún ní lọ́rì àwọn, ẹ̀ẹ̀mejì lèèyàn ń tẹ kúlọ́ọ̀ṣì kí jíà kan tó wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa han bí ẹni tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́. Golf tìẹ ò nílò ìyẹn, nítorí náà má fi agbára ti jíà, fi àtẹ́lẹwọ́ darí ẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin, tí kò bá wọlé, tẹ kúlọ́ọ̀ṣì délẹ̀ dáadáa. Jíà wán, ti ìdìde lásán ni, tó bá ti ń rìn bọ́ sí tú. Rìfáàsì, àfi tí mọ́tò bá dúró pátápátá.

Ọ̀rọ̀ òkè ló kù, òun ló sì pa mí lówó. Kí wọ́n tó bí ẹ, mo kó àpò gàárì méjìlá sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù 504, mo ń lọ sọ́jà, gosiló wá mú wa lórí òkè. Háńbúréèkì mi ò ṣiṣẹ́, mo ti ń sọ fún ara mi láti oṣù méjì pé mo máa tún un ṣe. Mo bá fi kúlọ́ọ̀ṣì ìdajì àti tọ́tù gbé mọ́tò dúró bí ẹni gbé ọmọ, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n ṣe, kò yí sẹ́yìn, èmi náà ń yangàn. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òórùn kan wá jáde bí ìgbà tí irun àti rọ́bà bá jọ ń jóná, lẹ́yìn ìyẹn mo tẹ tọ́tù, ẹ́ńjìnì ń ké, mọ́tò ò lọ. Mẹkáníìkì yọ pléètì yẹn, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Èrè gàárì yẹn àti owó ọjà tí mo fẹ́ fi ra òmíràn, orí pléètì ló parí sí. Ọmọ Ìjẹ̀bú, owó gàárì! Mi ò tíì dárí ji ara mi.

Torí náà lórí òkè, fa háńbúréèkì. Fi sí jíà wán, gbé kúlọ́ọ̀ṣì dé ibi tí mo sọ yẹn, fún un níná díẹ̀, ìdí mọ́tò á rọ̀ sílẹ̀ bíi pé ó fẹ́ fò, ìgbà yẹn ni kó o tó tú háńbúréèkì sílẹ̀. Tí háńbúréèkì bá ti ń dẹ̀, tún un ṣe lọ́sẹ̀ yẹn náà. Tí ẹ bá máa dúró pẹ́, fíríì, ẹsẹ̀ lórí búréèkì. Má jẹ́ kí ẹsẹ̀ òsì sinmi lórí kúlọ́ọ̀ṣì nígbà tó o bá ń lọ, àgàgà ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mowe sí Ibafo tó o bá ń lọ Èkó, fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó wà níwájú kí jíà wán lè máa wọ́ ẹ lọ.

Bàbá ẹ máa ń fi mọ́tò sí fíríì tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó ní òun ń ṣọ́ epo. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Mọ́tò tó ní ínjẹ́kítọ̀ tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnì, tó bá wà nínú jíà tí ẹsẹ̀ ò sí lórí tọ́tù, ó máa ń dín epo kù fúnra ẹ̀, jíà yẹn náà ló ń bá búréèkì dì í mú. Mo ti bá a jà lórí ẹ̀ láti ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ.

Saturday tó ń bọ̀, èmi ni mo máa wá, èmi nìkan, mo máa gbé ìkọ́kọrẹ́ dání. A jọ máa lọ sí oríta yẹn náà, láago méje àárọ̀, mi ò ní sọ̀rọ̀ kankan àfi tó o bá bi mí.

Bàbá ẹ ní kí n kí ẹ. Ó ní òun ò pariwo mọ́ ẹ, pé bí ohùn òun ṣe rí nìyẹn.

Ìyá ẹ.