Ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa: ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì bọ́ síta kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀

Láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwa táípísì, onífọ́tòkọ́pì àti oníbáíǹdì ẹnu géètì yunifásítì.
Sí Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ẹ̀dà kan fún ọ́fíìsì tó ń rí sí ìmọ́tótó àyíká, ẹ̀dà kan fún Kábíyèsí.
29 oṣù Kìíní, 2021.

Alága wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú àmójútó àsìkò yìí, ẹ sì kú ọdún tuntun bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù ti ń parí lọ. A mọ̀ pé ìwé tó wà lórí tábìlì yín pọ̀ torí náà ẹ jẹ́ ká tètè sọ ohun tó gbé wa wá. Àwọn lẹ́kúrà ti ń padà bọ̀ sí kíláàsì. Láti ọjọ́ 18 oṣù yìí ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ilé ẹ̀kọ́ ṣí, yunifásítì tó wà nílùú wa ti pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wọlé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ̀ lé wọn bọ̀, Mọ́ńdè ọjọ́ 8 oṣù tó ń bọ̀ ni kíláàsì máa bẹ̀rẹ̀. Kí lẹ́kúrà tó dé kíláàsì, ọ̀dọ̀ wa ló máa kọ́kọ́ yà. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ fún wa láyè ká gbé ẹ̀rọ wa jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ tapólì, títí àrùn kòrónà yìí á fi rọlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ẹ̀ kó ẹrù wa lọ, kí ẹ sì bá wa tún bọhólù tó wà níbẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ rẹ́ńtì náà wà ńbẹ̀, a ó dé orí ẹ̀.

Ẹ lè bèèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìta. Alága, tẹ́ ẹ bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù wa rí ẹ ó ti mọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí mẹ́jọ ni, inú ẹ̀ náà sì ni kọ̀ǹpútà méjì wà, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, ẹ̀rọ lamíneṣọ̀n, rímù pépà tá a tò dé àjà, ẹni tó ń táípù, ọmọ iṣẹ́, àti àga tí oníbàárà máa jókòó lé. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, a kì í sì í fẹ́ ṣí i lásìkò ọyẹ́ bí irú èyí torí eruku ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Bí lẹ́kúrà bá wá táípù ìbéèrè ìdánwò, ẹ̀gbẹ́ táípísì ló máa jókòó sí, á na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà, á ní rárá, fa ìlà sábẹ́ ìyẹn, ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ nìyẹn, ojú sí ojú báyìí fún wákàtí méjì, ìgbà míì mẹ́ta. Bá a ṣe ń ṣe é látìgbà tá a ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Nígbà tí kòrónà kọ́kọ́ dé, pépà là ń bẹ̀rù. A ń fi sanitáísà nu owó, àwọn kan nínú wa tiẹ̀ ń sá pépà sóòrùn. Ká fọwọ́ ṣì dáa, a ò ní fi í sílẹ̀, àmọ́ ohun tí àwọn dókítà ń tẹnu mọ́ jù báyìí ni èémí, pé ẹni tó ní in á mí, á sọ̀rọ̀, á wúkọ́, bí yàrá bá sì há tí atẹ́gùn ò ráyè wọlé, á wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ títí ẹlòmíì á fi fà á símú. Yàrá tó há, tí wọ́n tì pa, tí èèyàn mẹ́rin jọ ń mí síra wọn fún wákàtí méjì: ṣọ́ọ̀bù wa gan-an ni wọ́n ń júwe. Iye àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o tí NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn, ń kà lójúmọ́ loṣù yìí ń kọjá 1,000, àpapọ̀ gbogbo Nàìjíríà ti lé ní 100,000, Èkó ló sì pọ̀ sí jù, ẹ sì mọ̀ pé àwọn lẹ́kúrà wa kan wà tó jẹ́ pé Èkó ni ilé wọn, àwọn míì Ìbàdàn, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàbá kan wá, àgbà lẹ́kúrà ni, oníbàárà wa látọjọ́ pípẹ́, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ló dúró sí, ìbòmú méjì ló wọ̀ léra, ó ní ẹ má bínú ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò lè wọlé, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ní ìtọ̀ ṣúgà. Ìbéèrè ìdánwò ló sì mú wá, tó fi bíírò kọ, ìwé ọwọ́ ẹ̀ kì í sì í tètè yé èèyàn. Ìbéèrè ìdánwò kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kà sókè lójú títì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti tètè wọlé dé ló dúró nítòsí. Bàbá bá padà sínú mọ́tò, ó gbé gíláàsì sókè, ó fi fóònù pe táípísì tó jẹ́ pé kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá síra wọn lọ, ó ń kà á fún un níkọ̀ọ̀kan, ó rọra ń sọ ọ́, jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà sì ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ìbéèrè mẹ́fà, méjì péré la gbọ́ tó tọ̀nà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta tí bàbá fi wà nínú mọ́tò nínú oòrùn. Ó dùn wá.

Ìyẹn la rí tá a fi pinnu lọ́jọ́ kejì pé ká gbé tábìlì kan àti ẹ̀rọ kékeré kan lọ sábẹ́ máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ṣọ́ọ̀bù wa, níbi tí atẹ́gùn wà, tí èèyàn méjì lè fi àyè sáàárín kí wọ́n sì rọra sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kẹta làwọn òṣìṣẹ́ kan dé pẹ̀lú ọkọ̀, wọ́n ní a ti kọjá ààyè wa, wọ́n kó tábìlì, wọ́n kó ẹ̀rọ, owó la fi gba ẹ̀rọ padà, tábìlì ò tíì dé di bá a ṣe ń kọ ìwé yìí. A ò wá fi ẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn. Òfin tí wọ́n tẹ̀ lé ti wà tipẹ́, a sì mọ ìdí tó fi wà, kí ọ̀nà má baà dí, kí gọ́tà má baà dí. Ohun tá à ń sọ ni pé àsìkò tí wọ́n ṣe òfin yẹn, kò sí àrùn tó ń pa èèyàn nínú yàrá.

Nǹkan tó ń kó wa lọ́kàn sókè jù nìyí o, Alága. Lọ́sẹ̀ yìí ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin kòrónà tuntun. Ó di dandan kéèyàn wọ ìbòmú níta, wọn ò gbọ́dọ̀ kó ju èèyàn 50 jọ sínú ilé kan, ẹni tó bá rú u lè fẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kíláàsì ọdún kìíní tí lẹ́kúrà kan ń kọ́ lè ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta akẹ́kọ̀ọ́, a mọ̀, torí àwa la máa ń ṣe háńdáòtù wọn. Ẹni 50 ló máa wọlé. Àwọn tó kù ńkọ́? Háńdáòtù ni wọ́n máa fi bá ẹ̀kọ́ náà, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì ti máa gbà á. Lẹ́kúrà mẹ́ta ti bá wa sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ká múra, pé àwọn máa pín kíláàsì sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ tí kò bá tíì kàn á máa ka pépà. Èrò tí wọ́n lé kúrò ní kíláàsì, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Yunifásítì lágbára lórí inú ọgbà, wọ́n ti gbé ike omi sẹ́nu géètì, wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ara gbígbóná, àmọ́ agbára wọn parí síbi géètì. Láti géètì dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọ̀kadà, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni, tiyín ni. Tí àrùn bá gbòde níbẹ̀, kò sí ìwúlò iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ọgbà, torí lẹ́kúrà kan náà ló ń wọlé tó ń jáde.

Àwọn kan ti ń sọ pé ẹ̀rù iṣẹ́ ló ń ba àwọn lẹ́kúrà. Àwa tá a jọ ń gbé mọ̀ pé irọ́ ni. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún tó kọjá ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn lẹ́kúrà yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, wọ́n kọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó pé ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ ká ti ilé ẹ̀kọ́ torí kòrónà, ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ni wọ́n tó dáwọ́ ẹ̀ dúró. Láàárín ìgbà yẹn ọ̀pọ̀ nínú wọn ni owó oṣù ò dé ọwọ́ ẹ̀ torí wàhálà IPPIS, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ìjọba àpapọ̀ fi ń san owó oṣù, àwọn kan wá yá owó lọ́wọ́ wa, àwa tá ò rí jẹ fúnra wa. Prófẹ́sọ̀ sì wà níbẹ̀ tó ti sún mọ́ àádọ́rin ọdún, torí àádọ́rin ni òfin gbà kí prófẹ́sọ̀ fẹ̀yìn tì láti ọdún 2012, irú wọn náà sì ni àrùn yìí ń pa jù. Wọ́n fẹ́ padà sí kíláàsì. Wọ́n fẹ́ padà sílé láàyè pẹ̀lú.

Wọ́n tún ní ṣé wọn ò lè kọ́ ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Wọ́n ń gbìyànjú ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ló kọ́ lẹ́kúrà mẹ́rin bí wọ́n ṣe ń sọ nóòtì di PDF láti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, orí wa wú fún un. Ṣùgbọ́n dátà wọ́n, iná ò dúró, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lábúlé ń gun òkè kó tó rí nẹ́tíwọ̀kì. Ó máa ṣe díẹ̀ kí pépà tó kúrò láyé ẹ̀kọ́ níbí.

Torí náà, àdéhùn tá a fẹ́ bá yín ṣe nìyí. Ẹ jẹ́ ká jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù. A ò ní kọjá gọ́tà, a ò ní gbé nǹkan bo gọ́tà, a ò ní ri òpó mọ́lẹ̀, okùn la ó fi ta tapólì, ìrọ̀lẹ́ la ó máa ká a. Àyè tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà kọjá máa wà. Ọ̀wọ́ méjì la ó pín àwọn ṣọ́ọ̀bù sí, ọ̀wọ́ kan máa jáde ní Mọ́ńdè, Ọjọ́rú àti Fúráìdè, èkejì máa jáde ní Túsìdeè, Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé, kí gbogbo wa má baà rọ́ síta lọ́jọ́ kan náà. Jẹnẹrétọ̀ máa lọ sẹ́yìn ilé káwọn èèyàn lè gbọ́ra wọn sọ̀rọ̀. A ti fi ẹfun sàmì sí ilẹ̀ níbi tí oníbàárà á máa dúró sí, ẹni tí kò bá wọ ìbòmú a ò ní dá a lóhùn, ọmọ Alága ni o, ọmọ wa ni o. A sì ti ṣe ímeèlì fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù kí lẹ́kúrà tó bá lè fi ránṣẹ́ má tiẹ̀ wá mọ́ rárá. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọ́fíìsì ìmọ́tótó máa wá wò wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n wá. Tí wọ́n bá rí ẹni tó rú u, kí wọ́n kọ́kọ́ pe alága ẹgbẹ́ wa kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, torí ẹ̀rọ kan ni oúnjẹ ilé méjì.

Ní ti bọhólù, ìjọba ìbílẹ̀ ló gbẹ́ ẹ fún wa, a ṣì ń dúpẹ́. Pọ́ńpù ẹ̀ ló bà jẹ́ nígbà kónílé-ó-gbélé, kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ láti wò ó. Kẹ́ẹ̀gì la fi ń ra omi báyìí, omi tí wọ́n fi owó rà kì í yá èèyàn lára láti fi fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́. A ti dá owó jọ tó máa ra páìpù àti wáyà. Pọ́ńpù ló kù, ìyẹn ni a bẹ̀ yín fún.

Rẹ́ńtì wá. Ìwé owó ṣọ́ọ̀bù ọdún 2020 dé lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, oṣù méjìlá ni wọ́n kọ síbẹ̀. Oṣù Kẹta ni yunifásítì tì, láti oṣù Kẹrin dé Kejìlá kò sí ẹni tó ṣe fọ́tòkọ́pì ojú kan lẹ́nu géètì yìí. Mẹ́ta nínú wa ti ta ẹ̀rọ, ọ̀kan ti ń gun ọ̀kadà. Bẹntiróòlù tá à ń bù sí jẹnẹrétọ̀ jẹ́ náírà 125 líítà nígbà tí wọ́n ní ká lọ sílé, ó ti lé ní 160 báyìí. Ẹ bá wa yọ oṣù mẹ́sàn-án yẹn kúrò, ká san oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a sì san ti ọdún 2021 ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Alága ẹgbẹ́, èmi akọ̀wé àti ìyá ẹgbẹ́ máa wà ní sẹkitéríàtì yín ní Túsìdeè ọjọ́ 2 oṣù Kejì, láago mẹ́wàá àárọ̀, àwa mẹ́ta péré, ìbòmú á wà lẹ́nu wa. Tí ẹ ò bá ráyè lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ ní kí káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù wa bá wa sọ̀rọ̀, ìwé àṣẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré tó fún wa láti fi bẹ̀rẹ̀. Tapólì ti wà nílẹ̀, a ti rà á.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.