Kí o tó lọ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìbò

Àdùkẹ́ mi,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ pé ẹgbẹ́ yín fẹ́ kí o díje dupò aṣòfin ní Westminster, ilé aṣòfin Bìrìtéènì ní London. Inú mi dùn, àyà mi sì já. N kò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí bí o bá ti rẹ́rìn-ín báyìí, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi nìyẹn.

Ṣé o rántí ọdún tí ìjọ kó wa lọ sí Wales, tí a yà ní Llanystumdwy? Ẹ̀yin ọmọdé sáré lọ sétí odò lọ wo ibojì David Lloyd George, lọ́yà tó padà di olórí ìjọba Bìrìtéènì. Èmi dúró sí ṣọ́ọ̀bù tí arákùnrin ìyá rẹ̀, Richard Lloyd, ti ń ṣe bàtà. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì tí bàbá rẹ̀ fi kú. Oníbàtà yìí ló tọ́ ọ. Nígbà tí ìdánwò àtidi lọ́yà ní kó mọ Látìn àti Faransé, oníbàtà náà jókòó ti ìwé, ó ń kọ́ èdè wọ̀nyẹn fúnra rẹ̀ kó lè fi kọ́ ọmọ. Èmi aránṣọ, mo wo ibẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ó di lọ́yà ní 1884. Kì í ṣe lọ́yà oníwíìgì o, irú tìrẹ ni, èyí tí tálákà ń kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn rẹ̀. Ní 1888, ẹjọ́ kan dé láti Llanfrothen. Òṣìṣẹ́ kan tí ń fọ́ òkúta kú; ó ti sọ pé ẹ̀gbẹ́ ọmọbìnrin òun ni kí wọ́n sin òun sí. Òfin 1880 gbà kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ Áńgílíkà fi ìlànà tiwọn sin òkú wọn sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ àlùfáà ti géètì pa. Lloyd George ka òfin náà tán, ó ní kí wọ́n fipá ṣí i. Wọ́n ṣí i, wọ́n sin bàbá wọn. Àlùfáà pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì jàre ní kóòtù kékeré. Lọ́yà ọmọ ọdún 25 yìí gbé e dé London, ó borí. Ní 1890 ó dupò aṣòfin Caernarfon, ìbò 18 péré ló fi wọlé. Ọdún 55 ló lò níbẹ̀, ó tún di olórí ìjọba.

Àdùkẹ́, géètì tìrẹ dà? Láti ọdún mẹ́ta, ìwé ilé tí àwọn olówó ń rà tí wọ́n ń tà lò ń kọ. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró nínú òjò nítorí rẹ lọ́jọ́ ìbò? Lọ lo ọdún díẹ̀ nídìí ẹjọ́ àwọn tí onílé ń lé jáde ná.

Ohun mìíràn tún ni pé títí di 1911, wọn kì í san owó oṣù fún aṣòfin. William àbúrò Lloyd George ló dúró ti ọ́fíìsì lọ́yà wọn ní Criccieth ní Wales. Owó ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n fi ń jẹun ní London. Wọ́n ń sanwó nísinsìnyí, àmọ́ ta ni yóò mójú tó fáìlì àwọn oníbàárà rẹ? Bá ẹni náà sọ̀rọ̀ kí o tó bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀.

Lloyd George yìí kan náà ló ra ìpín nínú Marconi ti Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù aláìlówáyà, ní 1912, nígbà tí ìjọba tó wà nínú rẹ̀ ń bá Marconi ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dòwò. Lọ́yà ni, ó yẹ kó mọ̀. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́ nígbà tí onílé pààrọ̀ àgádágodo mọ́ wa níta ní Peckham. Obìnrin lọ́yà kan kọ lẹ́tà ojú ìwé kan, kò gba kọ́bọ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí onílé fi mú kọ́kọ́rọ́ wá. Mo ti ṣe ẹ̀dà lẹ́tà náà sínú àpòòwé yìí. Lẹ́tà gan-an ṣì wà nínú agolo òwú mi.

Ìyá rẹ