Ẹ gba ọ̀kadà lọ́wọ́ àwọn tó ń fi títì díje

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ọ̀kadà sá eré ìje lójú títì. Ó yẹ kí wọ́n jìyà, àmọ́ owó ìtanràn nìkan ò tó. 3,000 náírà ni òfin ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bù lé eré àsápajúdé. Ta ni ìyẹn máa bà lẹ́rù?

Èmi mẹkáníìkì ni wọ́n ń gbé ọ̀kadà wá bá pé kí n yọ sàlẹ́ǹsà rẹ̀, kó lè máa bú ramúramù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, táyà ẹ̀yìn èyí tí ọmọ kan gbé wá ti jẹ débi pé okùn inú rẹ̀ ti yọ síta, bíréèkì rẹ̀ ò sì mú nǹkan kan. Mi ò bá a ṣe é. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí ọ̀kadà máa wọ́ dé kí bíréèkì tó dá a dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn ìyá wa tó ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Tákié, ibo ni kí wọ́n sá gbà?

Kí ilé ẹjọ́ gbẹ́sẹ̀ lé ọ̀kadà náà fún oṣù 6. Bàbá tó sì ra ọ̀kadà fún ọmọ ọdún 15, kó wá bá ọmọ rẹ̀ jẹ́jọ́.

Mẹkáníìkì ọ̀kadà,
Ògbómọ̀ṣọ́