Má Tíì Gba Ọmú Lẹ́nu Wọn

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Látìgbà tí o ti pè mí lálẹ́ àná ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. O ní àwọn ọmọ ewúrẹ́ rẹ ti pé ọ̀sẹ̀ 6, pé o fẹ́ já wọn lẹ́nu ọmú lọ́jọ́ Sátidé kí òbúkọ lè tètè gun àwọn ìyá wọn. Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀.

Èmi náà ti ṣe é rí, lọ́dún tí a ń wá owó ilé-ìwé rẹ kiri. Mo já ìbejì kan lẹ́nu ọmú ní ọ̀sẹ̀ 5, mo sì da èèpo ẹ̀gẹ́ tútù sílẹ̀ fún wọn. Ikùn wọn wú, ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀ lé e. Oṣù kò parí tí méjèèjì fi kú. Ó ṣì ń dùn mí.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà nìyí. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ikùn ewúrẹ́. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ, inú ìkẹrin ni wàrà tó ń mu ń lọ tààrà. Èyí tó tóbi jù, tí koríko ń dà nínú rẹ̀, kò tíì dàgbà. Ewé àti ọkà díẹ̀díẹ̀ tí ọmọ ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń mú un dàgbà. Láti bí ọ̀sẹ̀ 2 ni yóò ti máa já ewé jẹ, ṣùgbọ́n eré ló fi ń ṣe. Ìgbà tí o bá rí i tó dùbúlẹ̀ tó ń jẹ àpọ̀jẹ bí àgbà, tó sì ń jẹ oúnjẹ tirẹ̀ tán lójoojúmọ́, ikùn rẹ̀ ti gbó nìyẹn. Ewúrẹ́ kúkúrú tiwa yìí, ó tó bí oṣù 3. Ọmọ tí kò ju kìlógíráàmù 1 tàbí 2 lọ nígbà tí a bí i, kí ni a ń lé e sí?

Fi pákó pààlà sí igun ilé wọn, kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ há tó fi jẹ́ pé ọmọ nìkan ló lè gbà á wọlé. Èérí àgbàdo ni kí o gbé síbẹ̀, pẹ̀lú omi mímọ́ àti ewé àgúnmániyè. Jẹ́ kí ewé náà rọ díẹ̀ kó tó kan ẹnu wọn, òórùn tútù rẹ̀ kì í wù wọ́n. (Igi yẹn kan náà ni àwọn ILCA, àjọ tó ń ṣèwádìí ohun ọ̀sìn ilẹ̀ Áfíríkà nígbà náà, ní Ìbàdàn ń kọ́ àgbẹ̀ láti gbìn sáàárín àgbàdo ní nǹkan bí ọdún 1980 sókè.) Èèpo ẹ̀gẹ́, sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ táútáú, májèlé wà nínú tútù rẹ̀.

Bí àkókò bá tó, má fi ọjọ́ kan ṣoṣo já wọn. Kọ́kọ́ yà wọ́n lálẹ́ nìkan fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n máa mu ọmú láàárọ̀. Ìyá ni kí o gbé kúrò, kí àwọn ọmọ wà níbi tí wọ́n mọ̀. Má pààrọ̀ oúnjẹ wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Yọ àwọn akọ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó pé oṣù 4, wọn a máa gun àbúrò àti ìyá wọn.

Èyí tí o ní ó kéré jù nínú wọn, òun ni kó kẹ́yìn gbogbo wọn kúrò lẹ́nu ọmú. Bí ìyá rẹ̀ bá ti rù, bọ́ ìyá náà dáadáa. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, màá gé àgúnmániyè dání.

Èmi ni,
Ìyá rẹ