Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí A Mọ Ògiri Dí Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn yìí. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni mo bá wá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ lẹ́tà ni ẹ ń gbà lórí ọ̀nà ọlọ́dà tó bàjẹ́ àti afárá tí kò parí, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró tó gba àárín ilé, ẹ̀yìnkùlé, etí omi àti orí àpáta kọjá ní àwọn àdúgbò wa ní Abẹ́òkúta ni èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé à ń fi ògiri dí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo.

Kí n tó fẹ̀yìntì, apínlẹ́tà ni mí ní ìlú yìí, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo sì fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ti pín lẹ́tà ní Abẹ́òkúta rí yóò jẹ́rìí mi pé àdírẹ́sì ara àpò ìwé nìkan kò tó fi wá ilé, nítorí pé ilé kan lè wà lórí òkè kí èyí tó tẹ̀ lé e wà ní ìsàlẹ̀ àpáta, kí ó sì jẹ́ pé àbùjá tó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná ẹnìkan ni yóò gbé ọ láti ọ̀kan dé èkejì. Àwọn ìyá tí mo ń gba ẹ̀yìn ilé wọn kọjá ló kọ́ mi ní ọ̀nà. Wọn a ní, “Bùrọ̀dá onílẹ́tà, ẹ má gba títì mọ́, ẹ gba ìdí ìyeyè yẹn, ẹ ó já sí i.” Mo sì máa ń já sí i lóòótọ́.

Kì í ṣe ohun àjèjì pé ìlú wa rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn, ogun ni wọ́n ń sá fún, àárín àpáta ni wọ́n sì tẹ̀dó sí. Àwọn ará Aké, Ìjẹmọ̀ àti àwọn yòókù, kálukú gbé orúkọ ìlú rẹ̀ tó tú dání, wọ́n sì fi sọ ibi tí wọ́n dúró sí. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń lọ sódò, sọ́jà àti sílé àna ló so àwọn àdúgbò wọ̀nyí pọ̀, kí ọkọ̀ kankan tó dé. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè wa ní 1859, mo sì gbà pé ọ̀nà ẹsẹ̀ bí irú èyí ni ìwé náà gbà dé ọwọ́ àwọn tó kà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ojú ewé yín ló yẹ kí n gbé ọ̀rọ̀ yìí wá.

Ìhà Ìdí-Abà ni mò ń gbé báyìí. Láàárọ̀, bí ago mẹ́fà bá ti lù, mo máa ń wọ bàtà, mo máa ń mú ọ̀pá, mo sì máa ń jáde. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú àwọn ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ láàárín ògiri ilé méjì, níbi tí èèyàn méjì kò ti lè pàdé láìṣe pé ọ̀kan fẹ̀gbẹ́. Ó gba ẹ̀yìn oko ẹ̀gẹ́ kékeré kan, ó sì bọ́ sórí àpáta pẹrẹsẹ kan tó fẹ̀ tó àgbàlá ilé ìwé. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ń sá láfún sí. Bí ẹ bá débẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, funfun báláú ni orí àpáta náà. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rẹ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n fún gbẹ, tí wọ́n fi ọwọ́ rún, tí wọ́n sì tẹ́ sóòrùn, òórùn kíkan rẹ̀ a sì ti pàdé yín kí ẹ tó rí i. Àwọn ọmọdé tó ń lé adìẹ lẹ́bàá rẹ̀ mọ ibi tí a lè tẹ̀ àti ibi tí a kò gbọdọ̀ tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà yóò sọ̀ kalẹ̀ sí odò kékeré kan, tí wọ́n gbé pákó méjì lé, yóò sì tún gun òkè lọ. Bí a bá dúró ní téńté ibẹ̀, tí ọyẹ́ kò sì bo ojú ọ̀run, àwọn òrùlé páànù àtijọ́ tó ti pọ́n bí erùpẹ̀ ni a ó máa rí lọ títí.

Mo ní ìwé kan tí mo kọ orúkọ àwọn ọ̀nà wọ̀nyí sí, bí àwọn ará àdúgbò ṣe ń pè wọ́n: Ọ̀nà Ìdí-Ìyeyè, Ọ̀nà Etí-Omi, Ọ̀nà Àpáta-Ńlá. Mọ́kànlá ni wọ́n nígbà tí mo kọ ìwé náà. Mẹ́rin ti dí.

Bí wọ́n ṣe ń dí kò ṣòro láti mọ̀. Ọmọ onílẹ̀ ta pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà 120, ẹni tó rà á sì gba ìwé sọ́fè tí kò ní ọ̀nà ẹsẹ̀ kankan nínú. Ó mọ ògiri yí ohun tó fi owó rẹ̀ rà ká, ta ni yóò sì bá a wí? Ní ibòmíràn, àwọn onílé ló fẹnu kò pé kí wọ́n ti ẹnu ọ̀nà pa nítorí olè. Mo ti dé ìpàdé irú wọn, mo sì gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ẹ̀rù olè kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí láti ọdún pípẹ́ ni pé ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń tọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ ni ọ̀nà tí ojú wà, ibi tí ògiri ti sọ ọ̀nà di kọ̀rọ̀ tí kò já sí ibì kankan sì ni koríko ti ń ga, tí ẹni ibi ti ń rí ibi ba sí.

Ọ̀rọ̀ omi tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò kà sí. Omi òjò kì í mu wọ inú àpáta. Bí òjò bá rọ̀ sórí òkúta, ìsàlẹ̀ ni yóò máa sáré lọ, ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ sì ti tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún a máa jìn ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ, nítorí náà ni ọ̀gbàrá fi máa ń bá ọ̀nà ẹsẹ̀ rìn. Ẹni tó mọ ògiri dí ọ̀nà ti mọ ògiri dí omi pẹ̀lú. Lọ́dún tó kọjá, ní àdúgbò wa, ọ̀gbàrá tí wọ́n dínà rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yà wọ yàrá ìyá kan tó ń ránṣọ. Aṣọ àwọn oníbàárà ló bà jẹ́, ó sì san owó wọn láti àpò ara rẹ̀. Kí òjò ọdún náà tó dá, ògiri ọ̀hún fúnra rẹ̀ wó. Wọ́n ti tún un mọ. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an ni wọ́n mọ ọ́n sí.

Àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń dùn mí jù. Ọ̀nà Etí-Omi máa ń gbé wọn dé ilé ìwé ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìfi ojú kan ọkọ̀ kankan. Nísinsìnyí tí ó ti dí, etí títì ni wọ́n ń tọ̀, níbi tí kò sí àyè fún ẹlẹ́sẹ̀, tí ọ̀kadà ń gba iwájú àti ẹ̀yìn wọn. Mo ti di ọwọ́ ọmọ ọdún méje kan mú níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a, mo sì ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ náà ṣe ń lù. Ọ̀nà tó yẹ kí ó gbà kò jìnnà sí ibi tí a dúró sí, lẹ́yìn ògiri.

Ní ti àwa àgbàlagbà, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá níyànjú pé kí a máa fi ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀ ṣe ohun tí yóò mú ara lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìrìn kíákíá sì wà lára rẹ̀. Ìyẹn kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Kò sí owó nínú rẹ̀, bí a bá ti rí ibi tí a ó ti rìn ín.

Láti bí oṣù mélòó kan, àwa díẹ̀ máa ń pàdé láàárọ̀ Sátidé láti rin àwọn ọ̀nà méje tó kù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ń bá wa lọ, ó sì ń fi fóònù rẹ̀ ya ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sórí OpenStreetMap, máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè fi kún, kí ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ lè rí i pé ọ̀nà wà níbẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní àdúgbò tirẹ̀, kí ó wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, nítorí àpáta a máa yọ̀ ní ìgbà òjò; kí ó mú ọ̀pá dání nítorí ejò inú koríko; kí ó sì máa kí ènìyàn. Ẹ̀yìnkùlé onílé ni a ń gbà. Bí a bá sọ pé “Ẹ kú ìdáná o, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ kọjá,” mi ò tíì rí ẹni tó dá wa padà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ onílé, àwọn baálẹ̀ àti àwọn tó ń wọn ilẹ̀ kò pọ̀. Kí ẹni tí ọ̀nà ẹsẹ̀ gba orí ilẹ̀ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan nínú ọgọ́ta tó ní, kí ọ̀nà yí díẹ̀, kí ó má kú. Níbi tí a bá ti ń bẹ̀rù òru, kí a fi géètì kékeré sí i, kí a ṣí i ní ìdájí kí a sì tì í lálẹ́, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ ẹni tí gbogbo wa mọ̀. Kí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀nà ẹsẹ̀ tí wọ́n bá bá nílẹ̀ sínú ìwé sọ́fè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é fi falẹ̀. Ní ẹnu Ọ̀nà Àpáta-Ńlá, èyí tó gba ibi tí wọ́n ń sá láfún, wọ́n ti já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ti lọ bá ẹni tó ni ilẹ̀ náà, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ní òun kò mọ̀ pé ọ̀nà ni. Ó ti gbà láti dáwọ́ dúró títí a ó fi ṣe ìpàdé àdúgbò ní ìparí oṣù yìí. Mo ń bẹ gbogbo ará Ìdí-Abà tó bá ka lẹ́tà yìí pé kí wọ́n wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Apínlẹ́tà tó ti fẹ̀yìntì,
Ìdí-Abà, Abẹ́òkúta.